Láti Orí Wáyà Rélùwéè Dé Wi-Fi Inú Ilé: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Wọlé Wá Bá Wa ní Zaria

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa bí ènìyàn ṣe lè so kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láìlo wáyà. N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo fẹ́ràn, mo sì gbà pé ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan ti wá kò ní tètè ná owó rẹ̀ dànù lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kò ní wáyà" yìí ti pẹ́ láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Zaria. Àwọn òbí wa ti bá irú rẹ̀ pàdé kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà wọ Sabon Gari. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé nǹkan kan kò ní wáyà, wáyà wà níbì kan, ẹnì kan ló sì ń sanwó rẹ̀. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Wi-Fi nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, orí owó yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

WÁYÀ ÀTI ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ

Ọdún 1911 ni iṣẹ́ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Baro, létí Odò Ọya, tó sì gba Zaria kọjá, parí dé Kano. Ní 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó kó sì bọ́ sílẹ̀ ní Zaria, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú omi ni wọ́n ń gbà sọdá ní Jẹ́bà títí tí afárá ibẹ̀ fi parí ní 1916. Ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin gbà wá. Bí ojú irin ṣe ń lọ ni òpó tẹligíráfù ń bá a lọ, wáyà sì wà lórí wọn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi pe iṣẹ́ tí wọ́n rán lórí rẹ̀ ní nǹkan mìíràn ju wáyà lọ. Wọ́n á ní, "Wọ́n tẹ wáyà sí i láti ilé," ojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì yí padà. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó wáyà, ta ni yóò wá náwó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín? Bí wáyà bá dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ikú, tàbí àìsàn, tàbí pé kí onítọ̀hún máa bọ̀ kíákíá.

Lẹ́yìn èyí ni àpótí tó ń sọ̀rọ̀ dé. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939, ó sì dé Kano ní 1944. Redifúṣọ̀n ni àwọn ènìyàn ń pè é. Rédíò ni lóòótọ́, àmọ́ rédíò oníwáyà ni. Ilé iṣẹ́ ni yóò fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́, wọn yóò wá fi wáyà pín in lọ sí ilé àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Olówó àpótí kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ó kàn lè mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí kó mú un wálẹ̀. Bí kò bá sì sanwó, wọ́n á já wáyà rẹ̀, ó parí. Rédíò ni àwọn àgbà wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn ohun tó ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ lóde òní lè fún un ní orúkọ tó dára ju ìyẹn lọ. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i.

Rédíò oníbátìrì ló wá pa redifúṣọ̀n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò Kaduna bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ọdún kan náà tí Yunifásítì Ahmadu Bello ṣílẹ̀kùn ní Samaru, ènìyàn lè gbé rédíò tirẹ̀ sábẹ́ igi kó máa gbọ́ ìròyìn láìjẹ pé ẹnikẹ́ni fa wáyà wá fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ di ti gbogbo ènìyàn. Àmọ́ a ṣì ń gbọ́ ni, a kò lè fèsì.

Ti tẹlifóònù, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù péré ló wà fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Púpọ̀ nínú yín rántí bí a ṣe ń tò láti bá ilé sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀, ti MTN àti ti Econet. Ẹ kíyè sí i pé Econet Wireless ni orúkọ tí èyí kejì ń jẹ́, wireless náà ni aláìlówáyà. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló di Vmobile ní 2004, ó di Celtel ní 2006, ó di Zain ní 2008, ó sì di Airtel ní 2010. Ọmọ tó pààrọ̀ orúkọ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, a ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo.

BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE BỌ́ SÍ I

Ní Zaria, ọ̀nà Samaru ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gbà wọ ìlú. Yunifásítì Ahmadu Bello ní ibùdó kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Iya Abubakar pè, onímọ̀ ìṣirò tó ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì náà láti 1975 dé 1978. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó dá wà jẹ́ ohun kan, kọ̀ǹpútà tó lè bá òmíràn sọ̀rọ̀ jẹ́ ohun mìíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ibùdó ìmọ̀ físíìsì ICTP ní Trieste, ní Ítálì, ṣiṣẹ́ pọ̀ láti kọ́ àwọn onímọ̀ wa bí wọ́n ṣe lè fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé wọ́n gbé nǹkan yìí wá bá wa lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti lò ó tán. Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí ní Ifẹ̀, òfin tí Wi-Fi ń tẹ̀lé kò tíì jáde.

Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀bù íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní cyber café gba ìgboro kan. Díìṣì ńlá á wà lórí òrùlé, kọ̀ǹpútà á tò sínú yàrá, wáyà búlúù á sì máa rìn lábẹ́ tábìlì. Wákàtí ni ẹ ó rà. Àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ kó dín lówó a máa lọ lóru, wọn a sì padà wálé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Owó iyebíye ni wọ́n ń san fún àyè tí wọ́n ń lò lórí sátẹ́láìtì. Kódà àwọn yunifásítì fúnra wọn kò lè dá a gbé. Ní àárín àwọn ọdún 2000, yunifásítì Zaria wà lára àwọn yunifásítì Áfíríkà tó para pọ̀ láti ra àyè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń dá èésú, ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe yẹn.

ỌJÀ NI WI-FI TI WÁ

Ní 1985, àjọ FCC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ rédíò ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn apá kan wà nínú ìgbì rédíò tí àwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kéékèèké lè máa lò láìjẹ́ pé olówó wọn gba ìwé àṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni 2.4 gigahertz. Ilẹ̀ tí kò níyì ni nígbà náà, torí pé ibẹ̀ ni ààrò microwave tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná ti ń pariwo. Ilé iṣẹ́ NCR, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó fún àwọn ilé ìtajà, ló rí àǹfààní níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìgbowó bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìní wáyà, onítajà lè tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tò bó ṣe wù ú láìgbẹ́ ilẹ̀. Ọ́fíìsì wọn ní ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Vic Hayes, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin tí gbogbo ẹ̀rọ irú rẹ̀ yóò máa tẹ̀lé, láti 1990 títí di 2000. Òfin àkọ́kọ́ jáde ní 1997. Èyí tó yá jù ú lọ jáde ní 1999, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fún un ní orúkọ Wi-Fi, tí Apple sì gbé laptop tó lè lò ó síta. Ẹ̀rọ ìgbowó ìtajà ló bí nǹkan tí àwọn ọmọ wa fi ń wo fíìmù lónìí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní router. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ìbáà jẹ́ láti ara díìṣì, tàbí láti ara modem tó ń lo káàdì fóònù. Router á wá fi rédíò pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á sì fi rédíò tirẹ̀ dáhùn. Ibi tó ti yàtọ̀ sí redifúṣọ̀n nìyẹn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì. Àmọ́ ìṣísẹ̀ díẹ̀ tó kù láti ògiri dé orí tábìlì ni Wi-Fi ń bá wa rìn. Ìrìn àjò tó kù, láti ilé yín dé Èkó títí dé òkè òkun, òpó, sátẹ́láìtì àti okùn abẹ́ òkun ló ni ín, gbogbo wọn ló sì ń gbowó. Mo ti rí ẹni tó ra router, tó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń retí pé íntánẹ́ẹ̀tì yóò jáde látinú rẹ̀ bí omi.

BÍ A ṢE Ń GBÉ E KALẸ̀ NÍLÉ WA NÍHÌN-ÍN

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹbí gbé e kalẹ̀, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni púpọ̀ nínú wọn ní, Windows XP tó jáde ní 2001 ló sì wà nínú wọn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ní rédíò nínú. A ní láti ra èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Ìrọ̀rùn dé lẹ́yìn 2004 tí Microsoft tún XP ṣe, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá ń to orúkọ gbogbo Wi-Fi tó bá gbọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í láti yan èyí tó fẹ́. Láti ìgbà náà, ìlànà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn so router mọ́ kọ̀ǹpútà kan. Ẹ tẹ àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí abẹ́ router náà síbi tí a ti ń tẹ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ọ̀pọ̀ wọn 192.168.1.1 ni tàbí 192.168.0.1. Yóò bi yín ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí, ìyẹn password, tí wọ́n fi dá a ní ilé iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà, torí pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fún Wi-Fi yín ní orúkọ. Ẹnì kan ní Tudun Wada sọ tirẹ̀ ní Má Fọwọ́ Kàn Án, kò sì sí ọmọdé kan ní àdúgbò náà tí kò gbìyànjú láti fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ẹ gbé router sí ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Ní àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní ìlú Zaria, ní ìlànà tubali àwọn Hausa, ògiri máa ń nípọn gan-an. Ìlànà amọ̀ yìí kan náà ni Babban Gwani fi kọ́ mọ́sáláásí Jímọ̀ Zaria ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó tutù lọ́sàn-án, ó lẹ́wà, àmọ́ ìgbì 2.4 gigahertz kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà ilẹ̀kùn tàbí ẹnu fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé e sẹ́yìn fìríìjì, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Páànù náà máa ń dá ìgbì padà. Bí Wi-Fi àwọn aládùúgbò bá ti pọ̀, tí tiyín sì ń fà, ẹ wọ inú router kí ẹ yan ojú ọ̀nà 1, 6 tàbí 11, torí àwọn mẹ́ta yìí kì í gorí ara wọn. Èyí tí àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ yín kò bá lò ni kí ẹ mú.

Ti iná ọba ńkọ́? Ọ̀pọ̀ router kò lò ju vóòtì 12 lọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara okùn iná rẹ̀. Bó bá jẹ́ 12 ni, bátìrì mọ́tò lè gbé e ní gbogbo òru láìtan jẹnẹrétọ̀ rárá, bí ẹni tó mọ̀ nípa iná bá ti bá yín dè é. Ní àsìkò òjò, bí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ okùn iná, ẹ sì yọ okùn tó ti orí òrùlé wá pẹ̀lú. Éríà tó wà lórí òpó gíga ni ààrá máa ń kọ́kọ́ rí. Eruku ọyẹ́ kì í sábà pa router, laptop tó ní fáànù nínú ló yẹ kí ẹ máa fọ́n kúrú kúrú nínú ọyẹ́.

TA NI YÓÒ DI KỌ́KỌ́RỌ́ MÚ?

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Ibi tó ti le ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Ní 2012, ìyá onílé kan ní Sabon Gari ra router tó ń lo modem fóònù, torí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìdílé mẹ́fà ló wà nínú ilé náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ ká fi password sí i." Ìyá wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta la fẹ́ tì í mọ́? Ṣé àwọn ọmọ tó ń jẹun nínú ìkòkò mi ni?" Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. A ṣí i sílẹ̀. Dátà tí wọ́n rà fún oṣù kan tán ní ọjọ́ kẹrin. Ẹnì kan ń wo bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ń kó orin sínú fóònù títà, bẹ́ẹ̀ ni a tilẹ̀ rí ẹni tó jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́yìn ògiri, tí kì í ṣe ará ilé rárá. Inú bí ìyá. Wọ́n ní kí n tì í pa mọ́ gbogbo ènìyàn. Bí mo ṣe tì í báyìí, ọmọ àyágbé tó ń múra ìdánwò ló kọ́kọ́ sunkún.

Ìyá kò ṣe àṣejù, àwọn ayálégbé náà kò yájú. Àṣà ilé wa ni pé ohun tó wà nínú àgbàlá, kànga, okùn ìsáṣọ, ọlọ, kò sẹ́ni tó ń tì í. Àmọ́ kànga kì í gbówó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín lórí garawa kọ̀ọ̀kan. Wi-Fi ń ṣe bí kànga lójú, ó sì ń jẹ owó bí redifúṣọ̀n. Yàtọ̀ sí owó, ewu tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ Wi-Fi yín ti wọ àgbàlá yín. Àgádágodo àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un, WEP, àwọn onímọ̀ ti fi hàn láti 2001 pé ó ṣeé já. WPA rọ́pò rẹ̀ ní 2003, WPA2 sì tẹ̀lé e ní 2004. Èyí tó tuntun jù, WPA3, jáde ní 2018. Bí router yín bá ṣì ń fi WEP lọ̀ yín, ẹ má gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jíròrò ọ̀rọ̀ náà ní ilé yẹn. Àwọn kan ní èmi ni kí n di password mú nítorí pé mo mọ kọ̀ǹpútà, mo ní rárá. Àwọn kan ní ìyá onílé, ìyá ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ kankan máa sá fún àwọn. Níkẹyìn, ìyá tó ń gba àjọ nínú ilé ni wọ́n gbé e fún. Kò lè tan kọ̀ǹpútà, àmọ́ gbogbo wọn ló gbà pé kì í gbàgbé ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dá owó lọ́jọ́ Sátidé, a sì ń pààrọ̀ password lọ́jọ́ yẹn. Ìyá alájọ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún olórí ìdílé tó bá ti san. Ọmọ tó bá ní ìdánwò lọ́dún náà kò san nǹkan kan. Ètò yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún tó ju mẹ́ta lọ. Nígbà tí JAMB sọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì di ti orí kọ̀ǹpútà nìkan ní 2015, àwọn ọmọ ilé náà kò bẹ̀rù kọ̀ǹpútà.

ÀWỌN ARÁ KAFANCHAN

Ìpínlẹ̀ Kaduna yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún odindi ìlú, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwa ará Zaria kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kafanchan, bíi Zaria, jẹ́ oríta ojú irin. Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè dẹnu kọlẹ̀, ìlú náà rọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1996, Fantsuam Foundation, tó ń yá àwọn obìnrin lówó òwò kéékèèké, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà tí wọ́n pè ní ZittNet ní àárín àwọn ọdún 2000. Fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà ní 2005 ni. Wọ́n ra àyè lórí sátẹ́láìtì, wọ́n gbé òpó tó ga ní mítà 45 dúró, wọ́n sì fi rédíò Wi-Fi pín íntánẹ́ẹ̀tì láti orí rẹ̀ fún ilé ìwòsàn, ilé ìtura àti ilé àwọn ènìyàn káàkiri ìlú. Iná oòrùn àti bátìrì wà lára ohun tó ń gbé e.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń yáni lówó tí a sì ń gbà á padà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó lè san àti ìgbà tó lè san. Ẹ̀rọ ò gbọ́n ju èyí tí ẹ lè rà ní ọjà lọ. Ìṣirò àjọ ló gbé e ró.

2020 ÀTI 2021

Láti 2010 ni fóònù Android ti lè pín íntánẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà bí router ṣe ń ṣe. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé pa router tì, wọ́n ní fóònù tó. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé, ilé ìwé tì pa. Ilé tí fóònù bàbá nìkan ti jẹ́ Wi-Fi, bí bàbá bá ti gbé fóònù jáde lọ wá oúnjẹ, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Àwọn router tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀. Mo tún gbé mẹ́rin kalẹ̀ láàárín oṣù kan, láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, tí ọmọ ilé ń tẹ ohun tí mo bá sọ.

Ti 2021 yàtọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, nítorí àwọn ajínigbé, wọ́n pa ìbánisọ̀rọ̀ fóònù ní apá kan ìpínlẹ̀ yìí, Birnin Gwari àti Giwa wà lára wọn. Giwa kò jìnnà sí Samaru rárá. Ó di oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó ṣí i padà. Ìdílé kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ń gbé lọ́nà ibẹ̀. Router wọn kò kú, gbogbo iná ara rẹ̀ ń tàn, àmọ́ kò sí nǹkan kan tó ń wọlé. Àwọn ọmọ wọn ṣàwárí ohun kan tí mi ò tíì rí kí ọ̀pọ̀ àgbà lóye. Wi-Fi inú ilé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí kọ̀ǹpútà inú ilé tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kó ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tó wà nínú laptop ẹ̀gbọ́n wọn sórí ti àbúrò láìlo okùn, wọ́n sì ń tẹ ìwé jáde láti yàrá kan sí òmíràn fún oṣù méjì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ìyá wọn kú ní Ọ̀fà nínú oṣù Kẹwàá yẹn, kò sí bí a ṣe lè pè wọ́n. Lẹ́tà ni àwọn ẹbí kọ, wọ́n fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, awakọ̀ gbé e dé Zaria, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa gbà á, ó sì wá ẹni tó ń lọ sọ́nà ibẹ̀. Wọ́n ti sìnkú tán kí ó tó dé. Bàbá ilé náà sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n rí àpòòwé lọ́wọ́ ẹni tó wọlé, kí wọ́n tó já a ni ìyàwó àwọn ti bú sẹ́kún. Ẹ̀rù wáyà ìgbà àtijọ́ ló padà wá yẹn.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, Starlink ti wà ní orílẹ̀-èdè wa, díìṣì kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ láìgba orí òpó fóònù tó wà ládùúgbò. Àwọn kan nínú yín ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹgbẹ́ lè pawọ́ pọ̀ ra ọ̀kan fún gbọ̀ngàn wa. Owó rẹ̀ pọ̀ fún ilé kan ṣoṣo, àmọ́ kò pọ̀ jù fún ẹgbẹ́. Mo ti fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní ìṣirò rẹ̀, títí kan owó oṣooṣù àti ti bátìrì. Ìbéèrè tí mo kọ sísàlẹ̀ ìwé náà ni èyí tí ìyá alájọ Sabon Gari ti dáhùn tẹ́lẹ̀: ta ni yóò di password mú, báwo ni a ó sì ṣe máa dá owó rẹ̀? Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbò kí a tó ra ohunkóhun.

Lọ́jọ́ àpérò, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ yóò gbé router kan kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, n ó sì jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá ní router nílé tí kò ṣiṣẹ́, tàbí tí kò mọ bí a ṣe ń ti tirẹ̀, kó gbé e wá ká jọ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé okùn iná rẹ̀ sílé.